Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ Ọjọ́ Ọjà

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún. Àwọn kan tiẹ̀ ti bá mi sọ ọ́ kí n tó lanu. Wọ́n ní mo gun ẹṣin, wọ́n ní mo bá ọbabìnrin wọn jẹun. N kò gun ẹṣin kankan o. Bọ́ọ̀sì ni mo lọ wò. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ọbabìnrin kó lọ bi ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà àti Bàbá Súlè lèmi fẹ́ sọ, n kò sì ní fi ibi tí mo ti jẹ̀bi pamọ́.

Bó ṣe kàn mí

Ẹ ò ní gbàgbé bí nǹkan ṣe rí nígbà tí ìpínlẹ̀ Kogí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tábìlì tí wọ́n pín fún wa láti Ìlọrin kò ní ẹsẹ̀ kẹrin, àga tó bá a wá kò ní ẹ̀yìn, àmọ́ ọ̀gá ti ní dírẹ́bà mẹ́ta. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ akérò ìjọba tí mo ń bá ṣiṣẹ́, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ torí mo ṣì ń jẹun níbẹ̀, ní olú ọ́fíìsì sí Lọ́kọ́ja, ó sì ní gáréèjì sí Kàbà. Kàbà lèmi wà, nínú yàrá tí a ti ń pín ọkọ̀: ta ló máa wa èwo, ibo ló ń lọ, aago mélòó ni yóò gbéra. Èmi ni akọ̀wé kejì níbẹ̀. Bàbá Súlè ni akọ̀wé àgbà.

Fún ẹni tí kò bá mọ Bàbá Súlè, ọmọ Kàbà ni, Mùsùlùmí, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi pẹ́ńsù há ẹ̀yìn etí. Gbogbo ọjà ilẹ̀ Okun ló wà lórí rẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ pé ọkọ̀ tiwa kì í tẹ̀lé Mọ́ńdè àti Túsìdè, ọjà ló ń tẹ̀lé. Ọjà Ìyámoyè, ti Pọ̀nyàn, ti Ìsánlú, ọrọọrún ni à ń ná wọn, kálukú ló sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Èyí tó bá bọ́ sí Jímọ̀ lọ́sẹ̀ yìí ti sún kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá Súlè á jókòó, á wo òrùlé díẹ̀, á ní, "Ọ̀la ni ti Pọ̀nyàn. Ẹ fún un ní ọkọ̀ mẹ́ta, iṣu ti ń jáde." N kò rí ọjọ́ kan tó ṣì í.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ọ̀gá àgbà wa fi wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Èkó, tó sì ka ìwé kan lójú ọ̀nà. Ìwé náà ní gbogbo iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì ńláńlá láyé ti ń lo kọ̀ǹpútà kékeré, èyí tó ń gbé orí tábìlì. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, ó ti pinnu. Ó ní a máa rán ẹnì kan lọ kọ́ ọ nílùú òyìnbó, tí ẹni yẹn bá sì dé, ẹ̀rọ ni yóò máa pín ọkọ̀ ní Kàbà, a ò ní nílò akọ̀wé àgbà mọ́.

Àwọn ọ̀gá méje ló fẹ́ lọ. Kálukú wọn kọ pẹtíṣọ̀n nípa ẹnì kejì rẹ̀. Ọ̀kan ní èkejì kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ yìí, èkejì ní ìwé mẹ́wàá tí ọ̀kan ń gbé kiri kì í ṣe tirẹ̀. Pẹtíṣọ̀n náà ga débi pé wọ́n fi okùn dì í. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú ọ̀gá àgbà, ó ní kí wọ́n wá ẹni tí ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé nípa rẹ̀. Èmi Fọlákẹ́, ọmọ Ìyàrá, akọ̀wé kejì, ni wọ́n rí. N kò tóó kọ pẹtíṣọ̀n sí ni.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ni Bàbá Súlè pè mí síta.

"Fọlákẹ́, okun."

"Okun o, Bàbá," mo dáhùn ìkíni rẹ̀.

"Lọ kọ́ ọ dáadáa, má wo tèmi. Ọdún méjì ló kù fún mi níbí. Ìyá àwọn ọmọ ti kú, oko ti di igbó, àwọn ọmọ sì ti fọ́n ká. Bí wọ́n bá ní kí n má wá síbí mọ́, ibo ni n ó máa jí lọ láàárọ̀?"

Mo kúnlẹ̀, ó ṣàdúà fún mi. Nínú ọkàn mi, mo búra pé ẹ̀rọ kankan kò ní lé bàbá yìí kúrò lórí àga rẹ̀ kí ọdún méjì náà tó pé.

Ìgúnlẹ̀

Ìlú tí mo gúnlẹ̀ sí wà lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ kó dá bí òjò gidi, ṣe ló ń wúyẹ́wúyẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Obìnrin tí wọ́n fi mí wọ̀ sílé rẹ̀ ń jẹ́ Jíìnì, opó ni, ó ní ológbò kan tó sanra ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ó wo kóòtù tí mo rà ní Lọ́kọ́ja, ó ní, "Áà, ìyẹn nìkan ni o wọ̀ wá?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fún mi ní ti ọkọ rẹ̀ tó kú. Kóòtù òkú yẹn ni mo wọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣe aláìmoore, ó móoru.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wọ bọ́ọ̀sì wọn. Mo wọlé, mo kí gbogbo ará ọkọ̀, bí èèyàn tó ní ẹ̀kọ́ ilé ṣe ń ṣe. Ẹnì kan gbé ìwé ìròyìn sójú. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo lẹ́yìn ló dáhùn, ó sì jẹ́ pé ó ti mutí yó. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń kí wọn kí n tó mọ̀ pé ẹni tó bá kí èèyàn nínú bọ́ọ̀sì níbẹ̀, wọ́n á rò pé ó fẹ́ tọrọ nǹkan ni, tàbí pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ní iléeṣẹ́ náà, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń bójú tó pípín ọkọ̀. Mọ́rìn lorúkọ rẹ̀. Irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó ju ìyá mi lọ, kí ló kù tí n ó ṣe? Mo kúnlẹ̀. Mọ́rìn rò pé mo ti sọ nǹkan nù. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Ṣé yẹtí ni?" Ibẹ̀ ni àwa méjèèjì wà lórí eékún nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ wọlé tó ní kí la ń wá. Mọ́rìn ní yẹtí àlejò ló já bọ́. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ wa. Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ òótọ́, mo yára yọ yẹtí mi kan, mo ní, "Mo ti rí i."

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé mo sanra bọ̀, ẹ wò mí dáadáa. Jíìnì jẹ́ èèyàn rere, àmọ́ ọ̀dùnkún òyìnbó ló ń jẹ lọ́jọ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ó ń sè é, ó ń yan án, ó ń dín in, ó ń tẹ̀ ẹ́ rẹ́kẹrẹ̀kẹ, kò sì ní ata nínú èyíkéyìí. Ó máa ń kà á síwájú mi ni: mẹ́ta fún òun, mẹ́rin fún mi torí mo jẹ́ àlejò. Èmi tí wọ́n fi iyán tọ́ ní Ìyàrá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo ní kí n se ọbẹ̀. Mo yọ ata gígún tí mo gbé ti ilé bọ̀, mo dà á sínú epo gbígbóná. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, Jíìnì ti ń wúkọ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ológbò ti gba ojú fèrèsé jáde, aládùúgbò sì ti kan ilẹ̀kùn láti bèèrè bóyá kí òun pe àwọn panápaná. Mo tọrọ àforíjì títí. Jíìnì ní kò burú, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n fún òun díẹ̀ tọ́ wò. Ó tọ́ ọ wò, ó mu ife omi mẹ́rin, ó sì ní ọbẹ̀ náà "dùn mọ́ni gidi gan-an." Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn kì í fẹ́ rí i mọ́ láyé.

Ẹ̀rọ ńlá, ẹ̀rọ kékeré

Iléeṣẹ́ wọn tóbi. Ọkọ̀ wọn pọ̀ débi pé ojú kò lè ká wọn lágbàlá. Ẹ̀rọ ńlá kan, kọ̀ǹpútà àtijọ́, wà nísàlẹ̀ ilé tó gba odindi yàrá, àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun ló ń tọ́jú rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ á kọ̀wé, á dúró ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré wá dé, tí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀, inú bí àwọn aláṣọ funfun. Wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Àwọn ọ́fíìsì náà ní àwọn aláṣọ funfun ń jowú. Wọn kì í jọ jẹun mọ́.

Mo bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo rò pé ó rọrùn jù: ọkọ̀ mélòó lẹ ní? Ẹ̀rọ ńlá sọ iye kan. Kọ̀ǹpútà àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe sọ òmíràn. Ti àwọn tó ń pín ọkọ̀ tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí ẹ̀, wọ́n mu tíì, wọ́n ní kí ìpàdé mìíràn wà. Mo bi wọ́n pé ṣé a ò lè kúkú jáde sí àgbàlá ká kà wọ́n ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀sọkúsọ níwájú àna.

Ẹni tó ń kọ́ mi ni Kẹ́fìn, ọmọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó máa ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Òun náà ló kọ ètò tí wọ́n fi ń pín ọkọ̀, tó wà nínú àwo pẹlẹbẹ kan tó lè wọ àpò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo yí nǹkan kan padà lókè, tí gbogbo ìsàlẹ̀ sì tún ara rẹ̀ tò, orí mi wú. Mo rántí gbogbo ìwé tí èmi àti Bàbá Súlè ti ya dànù torí pé dírẹ́bà kan ní ibà.

Ọjọ́ tí mo wá bi Kẹ́fìn bí n ó ṣe fi ọjọ́ ọjà sí i ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Mo ṣàlàyé ọrọọrún fún un. Ó ní, "Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀?" Mo ní kò sí ọjọ́ kan pàtó, ó ń sún ni. Ó ní, "Ó ń sún lọ síbo?" A wà lórí ẹ̀ títí wọ́n fi gbé tíì dé. Ní ìgbẹ̀yìn ó ní ètò òun mọ ọjọ́ méje, láti Sọ́ńdè sí Sátidé, kò sì lè mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá fi àánú bi mí bóyá àwọn èèyàn mi lè gbìyànjú láti máa ná ọjà lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tí Mọ́rìn fi hàn mí

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n máa bọ̀ ni mo rí ohun tí n kò yẹ kí n rí. Mo tètè dé síbi iṣẹ́. Mọ́rìn wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ bébà gígùn kan sílẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsù pín ọkọ̀, ó ń fi rọ́bà pa á rẹ́. Bí Bàbá Súlè ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé lágbájá kò lè jí ní kùtù torí ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, pé tàmẹ̀dò àti làkáṣègbè kò gbọdọ̀ jọ wa ọ̀nà kan náà, wọ́n á jà.

Ó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Kọ̀ǹpútà ńkọ́, Mà?" ni mo bi í.

"Tí mo bá ti parí èyí, mo máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀," ló wí. "Ó máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ó máa mọ́ tónítóní, ọ̀gá á sì ní kọ̀ǹpútà mà gbọ́n o. Láti ọdún mẹ́ta nìyẹn."

"Wọn ò mọ̀?"

"Àṣírí kan wà níbẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń fi àṣìṣe kan sí i. Kékeré ni. Mo lè fi dírẹ́bà kan sójú ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá á sáré wá, á ní Mọ́rìn, jọ̀ọ́ bá mi tún un ṣe. Mo máa ń tún un ṣe. Ó ń rán wọn létí pé mo wà níbí."

Mo dì mọ́ obìnrin náà. Mo rò pé mo ti rí ohun tí mo wá gbà.

Lọ́kọ́ja

Kọ̀ǹpútà ti ṣíwájú mi dé. Ọ̀gá àgbà wọ aṣọ àlà, ó ní kí n ròyìn. Mo ròyìn dé ibi ọjọ́ méje.

"Kò mọ ọjọ́ ọjà?"

"Kò mọ̀ ọ́n, sà. Sọ́ńdè sí Sátidé ló mọ̀."

Ó fọwọ́ lẹ́rán. Mo rò pé yóò ní ká dá ẹ̀rọ náà padà. Ó ní, "A máa kọ̀wé sí àwọn ọba. Kí gbogbo ọjà ilẹ̀ Okun bọ́ sí Túsìdè."

Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Wọ́n kọ lẹ́tà náà, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Láti Ìyámoyè ni ìyá àgbà kan ti wá ṣojú fún gbogbo obìnrin ọjà ibẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ẹni tó fẹ́ pa ọjọ́ ọjà dà han òun. Wọ́n mú un débi kọ̀ǹpútà, wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ìyá náà tẹríba díẹ̀, ó ní, "Okun o." Ó dúró. Ó tún ní, "Okun." Ó wá yíjú sí wa. "Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kí èèyàn ló fẹ́ kọ́ wa ní ọjọ́?" Ó ká ìborùn rẹ̀, ó bọ́ síta. Wọn kò mẹ́nu ba lẹ́tà náà mọ́.

Kàbà

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá sí Kàbà, sínú yàrá kan tí wọ́n kun lọ́dà, tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé kí gbogbo èèyàn bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé. Bàbá Súlè bọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí.

Mo sọ ọgbọ́n Mọ́rìn fún un. Mo ní, "Ẹ máa fi pẹ́ńsù pín in, Bàbá, n ó máa tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?"

"Kì í ṣe irọ́. Òyìnbó ń ṣe é."

"Tò, ó dáa," ni ó wí, ó sì fa bébà mọ́ra.

Oṣù mẹ́ta la fi ṣe é. Ìwé tó ń jáde lára ẹ̀rọ náà rẹwà. Ọkọ̀ ń dé Pọ̀nyàn lọ́jọ́ ọjà Pọ̀nyàn, ó ń dé Ìsánlú lọ́jọ́ ọjà Ìsánlú. Ọ̀gá àgbà ń kó àlejò wá wò ó láti Lọ́kọ́ja, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á máa mi orí. Wọ́n ń pè mí ní Ẹ́ńjíníà. Ẹ bi mí pé àṣìṣe kékeré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Mọ́rìn máa ń fi sí tirẹ̀ ńkọ́? N kò gbàgbé rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń rántí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò fẹ́ kí àbùkù kankan wà lára iṣẹ́ mi lójú àwọn àlejò. Ìgbéraga ni, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Ọjọ́ kan ni ọ̀gá àgbà dá nìkan wá. Ó ní ìjọba ti gbọ́, inú wọn dùn. Ó ní oṣù mẹ́ta láìsí àṣìṣe kan, kò sí èèyàn tó lè ṣe é. Ó ní kí Bàbá Súlè máa lọ sinmi.

Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, pẹ́ńsù, bébà, Mọ́rìn. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó sì rẹ́rìn-ín. "Fọlákẹ́, ojú àánú rẹ ti pọ̀ jù. O fẹ́ fi irọ́ gba bàbá sílẹ̀." Mo búra fún un. Ó ní kí n dìde, kí n bọ́ sídìí ẹ̀rọ, torí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ní gbogbo iléeṣẹ́ wa. Ó ń pe ìwé tí wọ́n fi ní kí Bàbá Súlè máa lọ sinmi, mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Súlè bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé tòun ti bébà ọjà Ìsánlú lọ́wọ́. Mo na ìwé náà sí i. Ó wọ gíláàsì, ó kà á tán, ó tún padà kà á láti òkè.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò. Ó gbé bébà Ìsánlú kalẹ̀ síwájú mi, ó fi ìka hàn mí ibi tí òun ti pàrọ̀ dírẹ́bà kan torí pé ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó. Lẹ́yìn náà ni ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà. Ó pẹ́ nídìí ọ̀kan. N kò lè lọ bá a.

Mo padà jókòó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ yẹn dé Kàbà, ìwé tí Bàbá Súlè fi sápò lọ yẹn nìkan ni ohun tó tíì ṣe tí kò sí ọwọ́ Bàbá Súlè nínú rẹ̀.